Àyẹ̀wò kòrónà wo ni kí n ṣe kí n tó padà sí Houston?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Láti ìparí ọdún tó kọjá ni mo ti wà ní Ìbàdàn nítorí ìsìnkú màmá mi, mo sì fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi láti Èkó ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2022 yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 tí a wà yìí, ìjọba Amẹ́ríkà kò gba àyẹ̀wò tó bá ju ọjọ́ kan lọ ṣáájú ìrìnàjò, ìbáà jẹ́ PCR (àyẹ̀wò yàrá ìwádìí tó ń wá àbùdá kòkòrò náà) tàbí antigen (àyẹ̀wò kíákíá tó ń wá èròjà ara kòkòrò náà).

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kòrónà mú mi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní, PCR sì lè máa rí àjẹkù kòkòrò náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí ara ẹni ti yá. Mo ti béèrè ní ibi àyẹ̀wò méjì: èsì antigen kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ti PCR lè di ọjọ́ kejì. Mo ro ti àyẹ̀wò àṣefúnra-ẹni, àmọ́ ó di dandan kí òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò máa wò mí lórí fídíò, nẹ́tíwọ̀kì ilé wa kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Dípò àyẹ̀wò tuntun, òfin yìí tún gba ìwé èsì tó fi hàn pé kòrónà mú ènìyàn, tí kò tíì pé 90 ọjọ́, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà pé ara ti yá. Èsì wà lọ́wọ́ mi, lẹ́tà ni mi ò tíì gbà.

Ṣé kí n ṣe antigen ní ọjọ́ 17, àbí kí n wá lẹ́tà náà dípò àyẹ̀wò? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí yóò dáhùn.