Ẹ̀rọ mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, aláìsàn kan ṣoṣo: èwo ni kí n kọ?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún2: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì. Mo ń wọ̀n bí ara aláìsàn kan ṣe gbóná tó, ní dígírì Celsius (°C). Láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ̀rọ tí a ń nà sí iwájú orí gbé 36.2 jáde, tẹmómítà abíyá gbé 37.9, ti abẹ́ ahọ́n gbé 38.4. Àgbàlagbà ni aláìsàn náà, ó ń làágùn gan-an, fáànù sì ń fẹ́ sí i. Èwo ni kí n kọ? Ṣé kí n fi omi tútù nù ún lára?

Sista_Wọ́ọ̀dù: Òógùn yẹn ló tàn ẹ́ jẹ. Ẹ̀rọ iwájú orí kì í wo inú ara, ooru tó ń tú jáde lójú awọ ló ń kà. Bí òógùn ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru awọ lọ (gíráàmù 1 ń kó bíi kílójúùlù 2.4), fáànù sì ń mú kó yára gbẹ. Nu iwájú orí, yí fáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́, dúró díẹ̀ kí o tó tún un wọ̀n. Abíyá náà, nù ún gbẹ, ṣùgbọ́n má ha á. Kí orí tẹmómítà wà ní àárín kòtò abíyá, kó kan awọ, kí apá lẹ̀ mọ́ àyà títí yóò fi dún. Bó bá yọ sẹ́yìn, atẹ́gùn lo ń wọ̀n yẹn!

Olùkọ́_Nọ́ọ̀sì: 38.4 ni kí o kọ, bí kò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tàbí omi yìnyín. Bó bá mu ún, dúró ìṣẹ́jú 15 sí 30. Abíyá sábà máa ń fi bíi 0.5 rẹlẹ̀ sí ẹnu, àmọ́ má ṣe fi 0.5 kún un o. Ohun tí o rí ni kí o kọ, pẹ̀lú ibi tí o ti wọ̀n ọ́n: "38.4, ẹnu". Ibẹ̀ náà ni kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ti wọ̀n ọ́n.

Sista_Wọ́ọ̀dù: Omi tútù kẹ̀? Rárá o. Iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á súnkì, ooru á há sínú, aláìsàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn gan-an ló ń dá ooru mìíràn sílẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kí o jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ lára. Má sì fi spírítì nu ọmọdé láéláé. Ó ń gba awọ àti imú wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún2: Ẹ ṣé gan-an mà. Bó bá ti ń gbọ̀n kí n tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Sista_Wọ́ọ̀dù: Ibà ṣì ń gòkè nìyẹn. Má tíì fi omi kàn án. Fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, fún un ní parasitámọ́ọ̀lù tí dókítà kọ, kí o tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30.