Èsì: Kí la máa pe ìwé tí oníṣẹ́ fi ń ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun kúrò?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹnìkan tó ń bójú tó ibi ìjíròrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé owó ìpolówó ló fi ń gbọ́ bùkátà ibẹ̀, fẹ́ kọ òfin rẹ̀ ní Yorùbá. Ó fẹ́ mọ ohun tí a máa pe ìwé tí oníṣẹ́ ń kọ nígbà tí ẹlòmíì bá gbé àwòrán, orin tàbí àpilẹ̀kọ rẹ̀ síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Lára àbá tó ti jáde ni "ìfẹ̀sùn-olè-kàn", "ìwé ìgbéwálẹ̀" àti "ìkìlọ̀ ẹ̀tọ́ àwòkọ". Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, mi ò ní fepo bọyọ̀.

"Ìfẹ̀sùn-olè-kàn" ló burú jù lójú mi. Agbàlejò, ìyẹn ẹni tó ni ibi ìjíròrò náà, ni wọ́n ń kọ ìwé yìí sí. Wọn ò kọ ọ́ sí ẹni tó gbé nǹkan náà síbẹ̀. Ní Yorùbá, a máa ń fẹ̀sùn kan ẹni tí a fura sí, a sì máa ń fẹjọ́ sun ẹni tó lè bá wa dá sí ọ̀rọ̀. Ìfẹjọ́sùn ni èyí. Ẹni tó gbà á kì í ṣe adájọ́: kò rí ìwé àdéhùn kankan, kò mọ ẹni tó ya àwòrán, kò sì lè pe ẹlẹ́rìí. Bí òfin rẹ̀ bá ti pe onítọ̀hún ní olè kó tó lanu sọ̀rọ̀, ó ti dá ẹjọ́ tí wọn ò gbé wá síwájú rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá yàn yẹra fún.

"Ẹ̀tọ́ àwòkọ" ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń lò ó, títí kan Wikipedia Yorùbá. Àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ẹ̀tọ́ láti wo nǹkan kọ ni wọ́n ń fún òun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀dà sínú orúkọ ẹ̀tọ́ yìí ("copyright", ẹ̀tọ́ ẹ̀dà) torí pé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé London ló wà tẹ́lẹ̀, kí òfin 1710 tó fi í lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́ fún ọdún 14, pẹ̀lú 14 mìíràn bó bá ṣì wà láàyè. Àwọn Faransé kò da ẹ̀dà pọ̀ mọ́ tiwọn: "droit d'auteur" ni wọ́n ń pè é, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ọ́. "Urheberrecht" ni ti Jámánì, ẹ̀tọ́ ẹni tí iṣẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ wá. Àǹtí tó dábàá "ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá" gba ọ̀nà kan náà, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n aṣẹ̀dá lè ti ta iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé tàbí ilé iṣẹ́ orin, àwọn yẹn ló sì máa wá fẹjọ́ sùn. "Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́" gba gbogbo wọn. Ẹni tó ni iṣẹ́ ni oníṣẹ́, ì báà jẹ́ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ì báà jẹ́ ó rà á. Wọn ò ní ṣì í gbọ́ bí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yàtọ̀ lẹ́nu wa látọjọ́ tó pẹ́.

"Ìgbéwálẹ̀" ò ṣeé gbà rárá. A ti ń fi "gbà wálẹ̀" sọ nípa fáìlì tí èèyàn ń fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ "tẹ ibí fún ìgbéwálẹ̀" kí ẹ sì wò ó bí àwọn kan kò bá ní tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè rí orin náà gbà sórí fóònù. "Ìparẹ́" náà le jù. DMCA, òfin Amẹ́ríkà ti 1998 tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńláńlá ibẹ̀ ń tẹ̀ lé, ní kí agbàlejò yọ nǹkan náà kúrò tàbí kó dí ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà dé ìdí rẹ̀. Ohun tí a parẹ́ ti lọ nìyẹn, ohun tí a gbé kúrò lè padà wá. "Ìgbékúrò" ni tèmi, kí "ìdápadà" lè rí àyè lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdápadà yẹn kì í ṣe àfẹnusọ. Ẹni tí wọ́n gbé nǹkan rẹ̀ kúrò lè kọ ìwé tirẹ̀ pé àṣìṣe ni, tàbí pé wọ́n ṣì í mú. Bí oníṣẹ́ kò bá lọ sí ilé ẹjọ́, DMCA ní kí agbàlejò dá nǹkan náà padà, kó má yá ju ọjọ́ iṣẹ́ 10, kó má sì pẹ́ ju 14. Ìwé kejì yìí ni mo fẹ́ kí a pè ní "ìwé àwíjàre". Ẹnìkan ní àwíjàre ti jọ ẹni tó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu alátakò, àmọ́ ẹni tó ni ìwé náà ló ń sọ ti ẹnu ara rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ jàre.

Ẹ wá fara balẹ̀ wo gbólóhùn ìbúra. Fọ́ọ̀mù ìfẹjọ́sùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa kọ ọ́ pé: "Mo búra pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ, àti pé wọ́n ti rú ẹ̀tọ́ mi." DMCA kò sọ bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ń fẹjọ́ sùn á sọ pé òun gbà tọkàntọkàn pé oníṣẹ́, aṣojú rẹ̀ tàbí òfin kò fọwọ́ sí ìlò náà. Á tún sọ pé ohun tí òun kọ sínú ìwé kò lábùlà. Ìgbà tó bá fẹ́ sọ pé òun ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ni ìbúra tó wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni irọ́ ti lè di ìbúra èké. Nítorí náà, ẹ gbé "mo búra" lọ sí iwájú gbólóhùn kẹta nìkan. "Mo gbà tọkàntọkàn" ti wà lẹ́nu wa, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣẹ̀dá níbẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ pé wọ́n rú ẹ̀tọ́ òun lè san owó ìtánràn fún ẹni tó ṣe léṣe, títí kan owó agbẹjọ́rò.

Ọ̀rọ̀ "òfin" tó wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ló mú kí n takò "ìlò àmójúkúrò" tí bàbá wa dábàá fún ìlò tí kò nílò ìyọ̀ǹda. Ní 2007, ìyá kan ní Amẹ́ríkà gbé fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 29 sórí YouTube, ọmọ rẹ̀ ń jó sí orin tó ń dún lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ orin fẹjọ́ sùn, wọ́n gbé fídíò náà kúrò, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro irú ìlò yìí wò kó tó fẹjọ́ sùn, torí òfin ló fọwọ́ sí i, kì í ṣe pé ó kàn ń gbójú fò ó. Ẹ ò rí i pé "àmójúkúrò" sọ òdìkejì gan-an? "Ìlò ìwọ̀nba" náà kò tó, bí nǹkan tí wọ́n mú ṣe pọ̀ tó kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí òfin Amẹ́ríkà ń wò. Wọ́n tún ń wo ìdí tí wọ́n fi lò ó, irú iṣẹ́ tó jẹ́, àti bí ó ṣe máa kan ọjà oníṣẹ́. "Ìlò tí òfin gbà láàyè" gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fara dà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀gbọ́n wa pòwe pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, ó ní agbàlejò tó ń jẹ owó ìpolówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin olórin ló dúró nísàlẹ̀ àjà yẹn, kí a máa pè é ní "ajẹpín". Ẹ̀gbọ́n, òwe yín dára, àmọ́ ẹni tó ń gba epo sílẹ̀ rí epo, ó sì mọ àjà ẹni tó ti wá. Agbàlejò kì í sábà mọ ohun tí àwọn èèyàn ń gbé síbẹ̀ kí wọ́n tó fẹjọ́ sùn ún. Òfin kọ́kọ́ béèrè bóyá ó mọ̀, tàbí bóyá ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba débi pé kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá béèrè owó: ṣé ara ìrúfin yẹn gan-an ni èrè rẹ̀ ti wá, ṣé ó sì ní agbára láti ká a lọ́wọ́ kò? Ìpolówó tó ń jáde lórí gbogbo ojúewé bákan náà, tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ìpolówó ń yàn fúnra rẹ̀, kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó dìídì ṣí abala kan fún fíìmù tí wọ́n jí kó lè fi pe èrò wá síbi ìpolówó. Ẹ pe ti ìkẹyìn yìí ní ajẹpín, mi ò ní jà. Fún tàkọ́kọ́, "owó ìpolówó" ti tó, kí a sì ya "èrè ìrúfin" sọ́tọ̀ fún èyí tí òfin ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí ìfẹjọ́sùn bá ti dé, tó ka á, tó sì fi nǹkan náà sílẹ̀ níbẹ̀ tí ìpolówó ń jáde lórí rẹ̀, òwe ẹ̀gbọ́n ti bá a nìyẹn. Google AdSense pàápàá kò gbà kí ìpolówó wà lójúewé tó ń rú ẹ̀tọ́ oníṣẹ́.

"Èbúté ààbò" ("safe harbor" lédè Gẹ̀ẹ́sì) fún ohun tí òfin fi gba agbàlejò sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi ohun tí ẹlòmíì gbé síbẹ̀ ńkọ́? Kò sí ọkọ̀ ojú omi nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Ààbò agbàlejò" ti tó, kí wọ́n sáà kọ àwọn àdéhùn rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ó gbọ́dọ̀ forúkọ olùgba ìfẹjọ́sùn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ yìí. Dọ́là 6 ni, wọ́n sì ń tún un ṣe lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta.

Ìbéèrè kan ló kù tí mi ò rí ojútùú sí. "Arúfin léraléra" bá ẹni tó ń gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ síbẹ̀ lemọ́lemọ́ mu. Àmọ́ òfin Yúróòpù ti 2022 lórí àwọn iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí àwọn pèpéle tí kì í ṣe kékeré dá ẹni tó ń fẹjọ́ aláìlẹ́sẹ̀-nílẹ̀ sùn lemọ́lemọ́ náà dúró, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún un. Kò rú ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kankan, a ò lè fi orúkọ kan náà pè é. "Afẹjọ́-èké-sùn" ni mo ní lọ́wọ́ báyìí, kò sì dùn lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá.