Gìtá ti dé Kàbbà o

Òkun o, ẹ̀yin ará. Èmi tí mo béèrè bí mo ṣe lè gbé gìtá onígi tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá láti Èkó láìfọ́, àbọ̀ rèé: ó ti dé, kò sán, kò kán.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lo ilé iṣẹ́ akẹ́rù, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ni wọn ì bá já a sí, kí ọkọ̀ mìíràn tó gbé e wá. Mi ò fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ lára rẹ̀. Mọ́tò tó ń bọ̀ tààrà ni mo yàn, mo sì san owó ìjókòó kan fún un, kó má bàa wọ búùtù lábẹ́ àpò gàrí. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí!

Dídì rẹ̀ gan-an ló gba sùúrù. Mo bẹ ẹni tó tà á pé kó dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, kó má tú u tán; kó fi aṣọ tì í lábẹ́ ọrùn àti orí, torí ibẹ̀ ni gìtá ti sábà máa ń kán; kó sì ki ìwé bọ gbogbo àyè inú páálí kó má lè mì. Ó ya fídíò rẹ̀ fún mi kó tó lẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n má tètè ṣí i nínú ọyẹ́ yìí, ẹ kú ọgbọ́n. Mo fi í sílẹ̀ mọ́jú nínú páálí rẹ̀, kí igi rẹ̀ má bàa sán nítorí ojú ọjọ́ tó yí padà lójijì.

Ó kù ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta okùn gìtá nítòsí.