Owó ìgbóná ilé fún àwọn àgbà Ìlú Ọba: ṣé gbogbo wọn ló nílò rẹ̀?

Àkànní_Àgbà béèrè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti 1997 ni ìjọba Ìlú Ọba ti ń fún àwọn tó ti fẹ̀yìntì ní Winter Fuel Payment, owó tí wọ́n á fi mú ilé gbóná nígbà òtútù. Lọ́dún 2024, Rachel Reeves, mínísítà ètò ìṣúná, gbà á kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní England àti Wales tí kò bá sí lórí Pension Credit (owó tí ìjọba fi ń kún ti àgbà tí owó rẹ̀ kò tó) tàbí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbà á, tí wọ́n ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, wá ku nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ariwo sọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2025, wọ́n jẹ ọ̀rọ̀ wọn: kí gbogbo àgbà máa gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £35,000 lọ lọ́dún, àwọn agbowó-orí á gbà á padà.

Ìbéèrè mi: ṣé £200 tí wọ́n ń san yìí tilẹ̀ já mọ́ nǹkan kan bí gáàsì ṣe wọ́n tó yìí? Kí ló sì burú nínú kí a fún àwọn aláìní nìkan? Ìṣirò ni mo fẹ́ o, mi ò wá ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Ìyá_Mítà:
Bùọ̀dá Àkànní, ó já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ó kù sí ohun tí èèyàn fi ń mú ilé gbóná. Láti oṣù kẹwàá sí ìkẹjìlá 2025, òdiwọ̀n tí Ofgem (àjọ tó ń ṣàkóso owó gáàsì àti iná) fi lélẹ̀ jẹ́ bíi pẹ́nsì 6.29 fún yúníìtì gáàsì kan, àti 26.35 fún yúníìtì iná mànàmáná. (Owó yúníìtì ni wọ́n dá lẹ́kun o. Bíìlì fúnra rẹ̀ kò ní òpin. Bí ẹ bá ṣe lò ó ni ẹ ó ṣe san án.) £200 á ra bíi yúníìtì gáàsì 3,180. Ilé tí Ofgem fi ń ṣe àpẹẹrẹ nígbà náà ń lo 11,500 lọ́dún, nítorí náà owó yẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin gáàsì ọdún kan lọ.

Ẹ wá wo ẹni tí kò ní gáàsì nílé. Hítà onífáànù ti kilowatt méjì ń jẹ yúníìtì méjì ní wákàtí kan, bíi pẹ́nsì 53 ní iye yẹn. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ jẹ́ £3.16, ọjọ́ 63 sì ni £200 á fi tán. Yàrá kan ṣoṣo nìyẹn o! Iye kan náà ni ìjọba ń fún àwọn méjèèjì, èmi ò sì rí ọgbọ́n níbẹ̀.

Standing charge tún wà: iná àti gáàsì pa pọ̀ jẹ́ bíi pẹ́nsì 88 lójúmọ́ ní ìparí 2025, yálà ẹ tan nǹkan kan tàbí ẹ ò tàn án. Àwọn àgbà tó ń lo mítà tí wọ́n máa ń kówó sí ló máa ń kó sí wàhálà yìí. Wọn kì í fi owó sí ti gáàsì láti oṣù kẹfà dé ìkẹsàn-án. Nígbà tí òtútù bá dé, gbèsè tó ju £30 lọ ti jókòó sórí mítà, òun ni mítà á sì kọ́kọ́ yọ. Kí wọ́n máa fi díẹ̀díẹ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá_Fọ́ọ̀mù:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìkejì. Lọ́dún 2024, ẹni tó bá ní owó ìfẹ̀yìntì tuntun ní kíkún ń gba £221.20 lọ́sẹ̀. Òdiwọ̀n Pension Credit fún ẹni tó dá wà jẹ́ £218.15. £3.05 péré ló fi kọjá, òun náà ni wọ́n sì kà sí olówó lọ́dún yẹn. Ìdí nìyẹn tí "aláìní nìkan" fi ń dùn lẹ́nu ju bó ṣe rí lọ.

Àwọn tiwa tó jẹ́ pé ẹni ogójì ọdún ó lé ni wọ́n kí wọ́n tó débí ni mo ń rò. Ọdún 35 ni wọ́n ń fi National Insurance (owó tí òṣìṣẹ́ ń dá sí àpò ìjọba) san kí owó tó pé. Lọ́dún ìṣúná 2025/26, ẹni tó san 20 ń rí bíi £131.57 lọ́sẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé mẹ́wàá kò ní rí kọ́bọ̀. Irú wọn ni Pension Credit wà fún, á fi kún un títí á fi dé òdiwọ̀n rẹ̀ (£227.10 ni lọ́dún 2025/26, tàbí £346.60 fún tọkọtaya). Wọ́n á ní àwọn ní ilé, àwọn ò lè béèrè. Irọ́ ni, ilé tí èèyàn ń gbé kò sí nínú ìṣirò. Owó báǹkì tí kò ju £10,000 lọ kò kàn án. Èyí tó bá lé, £500 kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà sí £1 lọ́sẹ̀. Wọ́n sì lè san án sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Bí ọkọ bá ti tó ọjọ́ orí tí ìyàwó kò tíì tó o, wọn kì í gba fọ́ọ̀mù tuntun lọ́wọ́ wọn láti oṣù karùn-ún 2019. Ẹni tó bá wà lókè òkun ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, owó náà dúró, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú ẹbí tàbí ìtọ́jú ara. Ẹ rántí pé ọdún Kérésì nílé kì í parí lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Bí wọn ò bá sọ fún DWP (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó ìrànwọ́) kí wọ́n tó wọkọ̀ òfúrufú, gbèsè ló máa ń bá wọn lẹ́yìn. Òbí tí físà rẹ̀ ní kó má fọwọ́ kan owó ìlú, kó má dábàá rẹ̀ rárá.

Pension Credit tún ń ṣílẹ̀kùn fún Warm Home Discount, £150 lórí bíìlì iná. Bí àkáǹtì iná bá wà lórúkọ ọmọ, £150 yẹn kò ní wá. Orúkọ ẹni tó ń gba Pension Credit tàbí ti ẹnì kejì rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí òtútù bá sì wà ní òdo tàbí sísàlẹ̀ fún ọjọ́ méje léraléra, £25 tún ń bọ̀.

Oníbọ́ílà:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó, ilé ńkọ́? Tó bá jẹ́ èmi ni ìjọba, òrùlé àti fèrèsé àwọn àgbà ni mà bá kọ́kọ́ ná an lé lórí. Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀:

Bí rẹdiétọ̀ bá gbóná nísàlẹ̀ tó tutù lókè, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn tú u díẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Á máa dún ṣíì. Bí omi bá ti ń yọ, ẹ dì í padà. Lẹ́yìn náà ẹ wo aago orí bọ́ílà tó ń wọn agbára omi: láàárín báà 1 sí 1.5 ni kó wà bó bá tutù, ẹ fi omi kún un bó bá wálẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló tutù, ẹrẹ̀ ló dì í, ẹ pe oníṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ́ńbì (bọ́ílà tí kò ní táǹkì omi gbígbóná), ẹ dín ooru omi rẹdiétọ̀ láti 80 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi tó ń padà bá gbóná ju bíi 55 lọ, ooru ń bá fèéfín jáde síta, owó yín ló ń lọ. Ẹni tó bá ní táǹkì omi gbígbóná kó má dín ti táǹkì kọjá 60 o, nítorí Legionella, kòkòrò àìsàn tó máa ń gbilẹ̀ nínú omi tí kò gbóná tó. Yàrá tí àgbàlagbà ń jókòó sí kò gbọ́dọ̀ tutù ju 18 lọ.

Ọmọ_Glasgow:
Àtúnṣe díẹ̀. Scotland ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, Pension Age Winter Heating Payment: ní ìgbà òtútù 2025, £203.40 ni, tàbí £305.10 fún ẹni 80 sókè. Ní England, £200 tàbí £300 ni, tọkọtaya tí wọn kò tíì pé 80 ló sì ń pín £200 náà, £100 £100. Ó ń wọ àkáǹtì fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ránṣẹ́ sórí fóònù pé kí màmá tẹ líǹkì láti gbà á, olè ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí 7726, nọ́ńbà tí a fi ń fi irú olè bẹ́ẹ̀ sùn.

Àkànní_Àgbà:
Ẹ ṣé púpọ̀. £35,000 yẹn, ṣé ti ilé ni àbí ti ẹnì kan?

Bàbá_Fọ́ọ̀mù:
Ti ẹnì kan ni. Tọkọtaya tí oníkálukú wọn ń gba £34,000 á mú owó wọn lọ láìsí ìdíwọ́. Opó tó dá wà pẹ̀lú £36,000 á dá a padà. Bíi £17 lóṣù ni wọ́n á máa yọ nípa kóòdù owó orí rẹ̀ láti oṣù kẹrin 2026. Ẹ bá wọn bínú sí ìyẹn.