Ṣé òótọ́ ni pé “decimate” kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ?

Akọ̀ròyìn Oko béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ìjìnlẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo kí yín o. Ìròyìn nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo máa ń kọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ń kọ ọ́. Nínú ìròyìn kan tí mo kọ lórí àrùn bird flu, mo sọ pé àrùn náà “decimated” àwọn adìẹ oko kan, nítorí pé èyí tó kú nínú wọn ju ìdajì lọ. Olóòtú àgbà wa fa ìlà sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ni ó ti wá, pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó túmọ̀ sí, àti pé ẹni tó bá lò ó fún ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Mo yẹ àwọn ìwé atúmọ̀ èdè tó wà ní ọ́fíìsì wò, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí kí a pa apá tó pọ̀ nínú nǹkan tàbí kí a bà á jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ ní nígbà ìwáṣẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí bí a ṣe ń lò ó lónìí? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àlàyé wo ni mo lè fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ gbé síwájú olóòtú wa?

Òpìtàn dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Olóòtú yín kò ṣì í nípa orísun ọ̀rọ̀ náà. Inú èdè Látìnì ni ó ti jáde, láti ara “decimus”, èyí tó túmọ̀ sí ìkẹwàá. Polybius, òpìtàn ará Gíríìkì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Jésù, ṣàlàyé bí ìjìyà náà ṣe rí. Bí ọ̀wọ́ ọmọ ogun Róòmù kan bá sá lójú ogun, olórí ogun yóò pe gbogbo wọn jọ, wọn yóò ṣẹ́ kèké láàárín àwọn tó jẹ̀bi, àwọn tí kèké bá sì mú, tí wọn kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ni wọn yóò fi kùmọ̀ lù pa. Àwọn tó yè é kò bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú, nítorí pé ọkà báálì ni wọn yóò máa jẹ dípò àlìkámà, ẹ̀yìn odi ibùdó ni wọn yóò sì pàgọ́ sí, níbi tí kò sí ààbò. Nígbà tí Crassus, olórí ogun Róòmù kan, ń bá Spartacus àti àwọn ẹrú tó ṣọ̀tẹ̀ jagun, ní nǹkan bí ọdún 71 ṣáájú ìbí Jésù, ó tún gbé ìjìyà yìí dìde lẹ́yìn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lò ó gbẹ̀yìn. Plutarch, òǹkọ̀wé ìtàn ará Gíríìkì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mú 500 nínú àwọn tó sá, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá, ó sì pa ẹnì kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ti ń ka ìtàn yìí, mo rí i pé bí ìjìyà náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ ń dẹ́rù bani ju iye ẹni tó kú lọ. Kèké lè mú akíkanjú, kí ó sì fi ojo sílẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rù yìí ni ọ̀rọ̀ náà gbé rìn láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún, kò sì yà mí lẹ́nu pé ìṣirò ìdá mẹ́wàá já kúrò lára rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Òpìtàn sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí tó lè ràn yín lọ́wọ́ wà. Ìjìyà ọmọ ogun nìkan kọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ yìí sọ. Wọ́n tún fi ń pe ìdámẹ́wàá, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1655, ìjọba Oliver Cromwell, ẹni tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ọba kúrò, bu owó orí lé àwọn tó ti gbè sẹ́yìn ọba nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún wọn láti orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n ní kí wọ́n máa san, “decimation” sì ni wọ́n ń pe owó orí náà. Láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kan náà ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń lo “decimate” fún pípa ọ̀pọ̀ run láìka iye. Ó wá tó ọdún 1870 kí Richard Grant White, alárìíwísí kan ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń lò ó bẹ́ẹ̀ wí. Èyí túmọ̀ sí pé ìlò tí olóòtú yín pè ní àṣìṣe ti lò ju 200 ọdún lọ lẹ́nu àwọn tó ni èdè kí òfin tó lòdì sí i tó dé.

Bí a bá sì fẹ́ kí orísun ọ̀rọ̀ máa jọba, a ní láti mú òfin náà dé ibi gbogbo. “December” àti “decimate” jọ ti ara ọ̀rọ̀ kan náà tó túmọ̀ sí mẹ́wàá yọ ni, nítorí pé oṣù March ni kàlẹ́ńdà ìgbàanì àwọn ará Róòmù ti ń bẹ̀rẹ̀, December sì ni oṣù kẹwàá nínú rẹ̀. Síbẹ̀ oṣù kejìlá ni lónìí, kò sì sí olóòtú tí yóò fa ìlà sí i. Ẹ tún wo “quarantine”. Ogójì ọjọ́ ni ó túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn ará Venice, ìlú èbúté kan ní Ítálì, tí wọ́n máa ń dá ọkọ̀ ojú omi dúró nítorí àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, ọjọ́ 14 ni wọ́n ní kí àwọn tó ti òkè òkun dé sí Nàìjíríà fi ya ara wọn sọ́tọ̀, gbogbo wa ni a sì pè é ní “quarantine” láìbéèrè ọjọ́ 26 yòókù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni “nice”. Láti ara ọ̀rọ̀ Látìnì náà “nescius” ni ó ti wá, ìyẹn ẹni tí kò mọ nǹkan kan, òmùgọ̀ ni wọ́n sì ń fi pè nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó di ọ̀rọ̀ ìyìn. “Egregious” ní tirẹ̀ gba ọ̀nà òdìkejì: ẹni tó yàtọ̀ sí agbo, tó ta yọ láàárín ẹgbẹ́, ni wọ́n fi ń yìn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí ìwà burúkú tó hàn sí gbogbo ayé ni à ń lò ó fún. Bí olóòtú yín bá gba “nice” gẹ́gẹ́ bí ìyìn, wọ́n ti gbà pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lè yí padà.

Ògbufọ̀ dáhùn pé:

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú àlàyé. Mo gbà pé olóòtú náà ti le jù, ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ kí akọ̀ròyìn wa lérò pé gbogbo ìlò ni ó tọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ní ààlà tirẹ̀. Ohun tó pọ̀ tó ṣeé kà ni ó bá mu jù lọ: agbo ẹran, àwọn igi inú igbó, àwọn ọmọ ogun, àwọn ará ìlú kan. Bí iná bá jó ilé kan ṣoṣo, “decimated” kò bá a mu. Bí ẹnì kan bá sì kọ “totally decimated”, ó ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ìparun pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ lọ, díẹ̀ ṣẹ́kù. “Decimated by 60 percent” náà ń ta ko ara rẹ̀ létí ẹni tó bá mọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó fa iye mọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ní iye nínú tẹ́lẹ̀.

Mo máa ń rí ìṣòro yìí nígbà tí mo bá ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá. Àwọn kan á kọ ọ́ pé àrùn náà “pa àwọn adìẹ run”, èyí tó mú kí òǹkàwé rò pé kò sí adìẹ kankan mọ́ ní oko náà. “Àrùn náà ṣọṣẹ́ láàárín àwọn adìẹ” sún mọ́ ọn jù, kí a wá fi iye tó kú tẹ̀lé e. Àwa náà ṣáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń rìn: ọkọ̀ ojú omi ni “ọkọ̀” lẹ́nu àwọn baba wa kí mọ́tò tó dé, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ lónìí pé òun fẹ́ ra ọkọ̀, kò sẹ́ni tí yóò júwe etí odò fún un.

Akọ̀ròyìn Oko:

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti tún gbólóhùn náà kọ báyìí: “The disease decimated the flock, killing more than half of the birds.” Ṣé mo lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀? Ṣé mo sì lè lo ọ̀rọ̀ náà nínú àkọlé ìròyìn?

Ògbufọ̀:

Ẹ lè gbé e lọ. “Flock” jẹ́ ọ̀pọ̀, iye tí ẹ sì fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í gbọ́, yálà ẹni tó mọ ìtàn Róòmù tàbí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú àkọlé, níbi tí kò ti sí àyè fún àlàyé, ẹ fi “decimate” sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ tààrà pé àrùn pa ju ìdajì adìẹ oko náà lọ. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ tó ń ka ìròyìn yín fẹ́ tètè mọ̀ ni iye tó kú, kí wọ́n lè mọ bí ewu náà ṣe tó fún oko tiwọn.