Kí ni ojú yín rí nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù?

Ọmọ Ọ̀ṣun: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni mo dé, Peckham ni mo sì ń gbé. Màmá òyìnbó kan wà tí ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí tèmi. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé kò jẹ́ kí n lè rí àgbàlagbà láàárọ̀ kí n má kúnlẹ̀, nítorí náà, bí mo bá ti ń kí wọn, orúnkún mi á tẹ̀ díẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta, wọ́n kàn ń mi orí, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí yìnyín bo ojú títì nínú oṣù kejìlá, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n sì na ìpara kan sí mi. Wọ́n ní àwọn ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí pé orúnkún ń dùn mí, pé ìpara tí àwọn fi ń pa tàwọn nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín.

Bàbá Ìbejì: Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á.

Alàgbà Ìbàdàn: Ó ṣòro fún mi láti gbà gbọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo lò nínú ilé kan ní ìhà àríwá ìlú náà, n kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè orí mi. Wọn kì í kíra níbẹ̀.

Ìyá Rọ́fíà: Ẹ má bínú, Alàgbà, ẹni tó bá ní wọn kì í kíra ní Lọ́ńdọ̀nù kò tíì wọ bọ́ọ̀sì 36 ní ìdájí. Àwa tí a ń lọ fọ ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́ máa ń béèrè ara wa. Nígbà tí Ramaláànì bọ́ sí oṣù kẹfà ní ọdún 2016, a ti ń parí sààrì kí agogo mẹ́ta òru tó lù, oòrùn kò sì ní wọ̀ títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá. Arábìnrin ará Kòlóńbíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló gba àtẹ̀gùn lọ́wọ́ mi jálẹ̀ oṣù náà, kí n lè máa fọ ìsàlẹ̀ nìkan.

Adé: Kíkúnlẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é mọ́, ó ní ojú ń ti òun.

Bàbá Ìbejì: Kí ẹ fi sílẹ̀ kẹ̀? Bí àwọn ọmọ wa kò bá rí i lára wa, ibo ni wọn yóò ti rí i? Àní ọmọ Afganisítáànì tó ń ta iṣu fún wa ní Rye Lane ń kí ìyàwó mi ní “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Adé: Kí ó lè tajà ni.

Ìyá Rọ́fíà: Kí ó tajà náà, ṣebí ó kí wa. Ó sì máa ń dín owó fún mi bí mo bá ná an.

Alàgbà Ìbàdàn: Ta ní ń ná ọjà ní Ìlú Ọba? Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé iṣu lé, iye tó bá pè ni ẹ ó san.

Ìyá Rọ́fíà: Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí wọ́n bá ti fẹ́ palẹ̀ mọ́, ẹ lọ ná an wò, sà.

Bàbá Ìbejì: Ọmọ Ọ̀ṣun, ṣé ẹ sọ fún màmá yẹn pé orúnkún kò dùn yín?

Ọmọ Ọ̀ṣun: Mo ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè èsì tó yẹ kí àwọn máa fọ̀. Mo kọ́ wọn ní “Káàárọ̀, ọmọ mi.” Wọn kò tíì lè pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n “ọmọ mi” já gaara lẹ́nu wọn.

Alàgbà Ìbàdàn: Ìyá Rọ́fíà, ẹ jọ̀wọ́, apá ibo ní Rye Lane ni oníṣu yẹn wà?