Ajá ìbílẹ̀ wa, báwo la ṣe ń gbà á wọlé sínú ìwé irú ajá?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mushin ni mò ń gbé, ajá ọdẹ tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń sìn, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn tẹ́ ẹ̀ ń pè ní lókà bí ẹni pé wọn ò já mọ́ nǹkan. Mo wá gbọ́ pé AKC, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ irú ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gba Azawakh wọlé pátápátá ní 2019, ajá àwọn Tuareg ní Mali àti Niger, ṣé ìyẹn jìnnà sí wa ni?

Ohun tí mo rí ni pé Foundation Stock Service, ìwé AKC fún irú ajá tí wọn ò tíì gbà wọlé pátápátá, ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi wọ́n sí, wọ́n á wá béèrè àkọsílẹ̀ ìran mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹgbẹ́ àwọn tó ń sìn ín náà wà. FCI, àjọ àgbáyé fún irú ajá, tiẹ̀ ń béèrè ìdílé mẹ́jọ tí ò bára tan. Mẹ́jọ kẹ̀! Akọ kan àti abo méjì ni mo ní, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ti máa kọ orúkọ ìyá àti bàbá wọn sínú ìwé báyìí, àbí kí n kọ́kọ́ wá àwọn ọdẹ Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú lọ? Dókítà ajá kan ní kí n ṣe DNA, àmọ́ owó tó pè, háà.